Ọ̀bẹ Kì í Mú Kó Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpààrọ̀ Èèkù Ọ̀bẹ Àpò

Mo júbà Ògún, onírin. Mo júbà àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn agbẹ́gilére tí mo kọ́gbọ́n lọ́wọ́ wọn. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Kí ilẹ̀ lanu fún mi lónìí.

1. Ìfáárà

Ohun tó wà lórí tábìlì níwájú mi yìí kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè má rí i rárá. Ọ̀bẹ ni. Ọ̀bẹ àpò ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí a lè sọ sí àpò ṣòkòtò láìjẹ́ pé ó gún wa ní itan. Bàbá mi ló ni ín. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó yí Ilé-Ifẹ̀ ká. Òun ni wọ́n fi ń bó ọsàn fún wa, òun ni wọ́n fi ń ṣí lẹ́tà, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù wa nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n papò dà, ó bọ́ sọ́wọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan mo ṣàkíyèsí pé èèkù rẹ̀ ti ń fọ́, ìpẹtà sì ti ń jẹ irin. Mo yọ èèkù àtijọ́ náà dànù, mo fi tuntun sí i. Nígbà tí àbúrò mi rí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé e padà sílẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tiyín nìyí. Ọ̀bẹ Bàbá dà?’

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Èsì ìbéèrè yẹn ni mo wá sọ fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan lè máa rò ó lọ́kàn pé, kí ni ti èèkù ọ̀bẹ kékeré nínú gbọ̀ngán Yunifásítì? Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Bí a bá mọ ohun tí èèkù jẹ́, a ó mọ ohun tí ogún jẹ́.

2. Èèkù nínú èdè àti nínú òwe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ibi tí a ti ń di ohun èlò irin mú. Ti ọ̀bẹ, ti idà àti ti àdá ni èèkù. Ti ọkọ́ àti ti àáké ni ẹ̀rú, ibẹ̀ ni a ti rí ẹ̀rúkọ́. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé èèkù ń bá irin rẹ̀ tọ ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rú ń dábùú irin tirẹ̀. A ń ju ẹ̀rú sókè kí irin tó balẹ̀. Èèkù ní tirẹ̀ jẹ́ ìtẹ̀síwájú ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rúkọ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a pàdé.

Òwe mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò. Ìkíní ni pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà kò sọ pé bí ọwọ́ kò bá tí ì tẹ idà. Ẹni tó di ojú idà mú, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gé. Èèkù ló ń sọ irin di agbára fún ọmọ ènìyàn. Láìsí i, irin mímú jẹ́ ọ̀tá fún ẹni tó ni ín àti fún ẹni tí kò ni ín bákan náà.

Ìkejì ni pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àkọ̀ ni ilé idà. Lára idà, èèkù wà lọ́tọ̀, àkọ̀ wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àpò ti sọ méjèèjì di ọ̀kan. Nígbà tí a bá ṣí i, ohun tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ èèkù. Nígbà tí a bá ká a, ohun kan náà di àkọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń pààrọ̀ èèkù ọ̀bẹ àpò ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ń tún ibi ìdìmú ṣe, ó sì ń tún ilé kọ́.

Ìkẹta ni mo fi ṣe àkọlé: ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. A máa ń pa òwe yìí fún alágbára láti rán an létí pé kò sí ẹni tó dá tó tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó fi pa òwe, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni. Kò sí èèkù kan láyé tí kì í ṣe ọ̀bẹ mìíràn ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ mìíràn yẹn náà ní èèkù, ọ̀bẹ kan ló sì gbẹ́ tirẹ̀ fún un. Bí a bá ń tọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn báyìí, a ó rí i pé àwọn ọ̀bẹ ní ìdílé bí ènìyàn ti ní. Gbèsè ni èèkù lára ọ̀bẹ, gbèsè tí kò lè san fún ara rẹ̀.

3. Àwọn tó ń ṣe èèkù, níhìn-ín àti lókè òkun

Nílẹ̀ wa, alágbẹ̀dẹ ló ni irin. Òun ló ni ẹwìrì, òun ló ni ẹmú àti ọmọ owú. Bó bá rọ ojú ọ̀bẹ tán, yóò fi ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Ìrù yìí ni a ń mú gbóná, tí a ń tì bọ inú igi, kí igi jóná díẹ̀ ní àyíká rẹ̀, kí ó sì dì í mú ṣinṣin. Igi yẹn kì í ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní dandan. Ó lè ti ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà wá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ra irin náà ni yóò wá igi tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Agbẹ́gilére ń lọ sí àgbẹ̀dẹ lọ wá irin. Alágbẹ̀dẹ ń wojú agbẹ́gilére fún èèkù. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ gbé ẹnìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ààfin Ọọ̀ni, òkìtì irin kan wà tí a ń pè ní Ògún Ládìn, ìtàn ẹnu sì sọ pé ohun èlò alágbẹ̀dẹ ìgbàanì ni. Ọ̀pá Ọ̀rányàn tó ga ju mítà 5 lọ, òkúta ni, ṣùgbọ́n ìṣó irin tó lé ní 100 ni wọ́n gbá mọ́ ọn lára. Ère òkúta tí a ń pè ní Ìdènà, èyí tó ti igbó Ọ̀rẹ̀ wá, ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé àwọn baba wa ti mọ bí a ti ń so irin mọ́ ohun tí kì í ṣe irin, kí ó sì dúró pẹ́. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ìṣó kékeré tó di èèkù ọ̀bẹ yìí mú.

Ojú ọ̀bẹ bàbá mi kò ti àgbẹ̀dẹ wa wá ṣá. Orúkọ ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Láti ọdún 1624 ni òfin ti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ agbègbè ibẹ̀ sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà ní ayé àtijọ́, ẹni tó ń rọ irin yàtọ̀ sí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kó mú, ẹni tó ń fi èèkù sí i sì tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Bí àwọn ará Sheffield kò tilẹ̀ gbọ́ òwe wa rí, ìlú wọn jẹ́ ẹ̀rí sí i.

Kí ni wọ́n fi ń ṣe èèkù? Egungun màlúù, ìwo, igi, àti eyín erin. Ní ọ̀rúndún 19, ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers ní Sheffield gbajúmọ̀ fún òkìtì eyín erin tó ń kó pamọ́ fún iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú eyín erin tó ń wọ Yúróòpù nígbà náà, láti Áfíríkà ni. Ẹ wò ó: irin wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, èèkù wa ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò yani lẹ́nu mọ́ pé erin di ìtàn nínú ọ̀pọ̀ igbó wa.

Àwọn ará Jámánì náà mọ̀ pé èèkù ni oníbàárà kọ́kọ́ ń wò. Láti ọdún 1902 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ kan tó ń jẹ́ Okapi ní ìlú Solingen fún ọjà Áfíríkà. Èèkù onígi ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì fi irin kéékèèké ya òṣùpá àti ìràwọ̀ sí i lára. South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1988. Ní Switzerland ẹ̀wẹ̀, ọ̀bẹ àwọn ọ̀gágun tí Karl Elsener gbé jáde ní 1897 di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí Victorinox. Nínú irú ti òde òní, orí ìṣó ni wọ́n tẹ awẹ́ èèkù mọ́, láìlo àtè. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé awẹ́ náà ń ṣí kúrò láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ìṣó kankan.

4. Òórùn kánfọ̀

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀bẹ bàbá mi. Ọ̀bẹ náà ní òórùn kan tí a mọ̀ ọ́n mọ́ láti kékeré, òórùn kánfọ̀. Bí Bàbá bá ti yọ ọ́ lápò ni a ó ti máa gbọ́ ọ. Ohun tí a rò nígbà náà ni pé inú àpótí aṣọ ni wọ́n ń fi í sí. Òórùn yẹn ni àbúrò mi ń wá nígbà tó gbé èèkù tuntun súnmọ́ imú.

Nígbà tí èèkù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ni mo tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìwo ni gbogbo wa pè é, nítorí ó ní àbààwọ́n dúdú àti pupa bí ìwo màlúù. Kì í ṣe ìwo. Sẹ́lúlọ́ìdì ni. Ní nǹkan bí ọdún 1870 ni John Wesley Hyatt ní Amẹ́ríkà sọ nǹkan yìí di ọjà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò eyín erin. Òwú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ásíìdì ṣiṣẹ́ lórí òwú, wọ́n sì po kánfọ̀ mọ́ ọn. Kánfọ̀ yẹn ló ń rùn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kánfọ̀ ń fò lọ díẹ̀díẹ̀, nǹkan náà ń sún kì, ó ń là, nígbà tó bá sì yá, èéfín ásíìdì yóò máa ti inú rẹ̀ jáde, tí yóò máa jẹ irin tó wà nítòsí rẹ̀.

Òwe wa sọ pé idà ní ń wó ilé ara rẹ̀. Lára ọ̀bẹ bàbá mi, ilé ló ń wó idà. Òórùn tí àwa ń pè ní òórùn Bàbá, òórùn ìdíbàjẹ́ ni. Bí mo bá fi èèkù àtijọ́ náà sílẹ̀ nítorí ìfẹ́, ojú ọ̀bẹ ì bá ti run mọ́ ọn lára. Nítorí náà, pé mo yọ ọ́ kúrò kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ wà níbòmíràn, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jókòó.

5. Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ

Ọ̀bẹ àpò dà bí obì gbànja: awẹ́ méjì ni èèkù rẹ̀. Ní àárín awẹ́ méjèèjì, pẹlẹbẹ idẹ méjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láàárín pẹlẹbẹ méjèèjì ni ojú ọ̀bẹ ń sùn sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin gbọọrọ kan wà tó ń tẹ̀, tó sì ń ta padà. Òun ló ń mú kí ojú ọ̀bẹ dúró gbọin nígbà tí a bá ṣí i, tí kì í sì í jẹ́ kó ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò. Ìṣó mẹ́ta ló di gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọ̀kan ní ọrùn, níbi tí ojú ọ̀bẹ ti ń yí, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìdí.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí a fi aṣọ wé ojú ọ̀bẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni pé bó bá ṣeé ṣe, kí a má fọwọ́ kan ìṣó ọrùn rárá. Ìṣó àárín nìkan ni mo fá lórí, tí mo sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tì jáde. Ìkẹta, mo kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bá sẹ́lúlọ́ìdì pàdé: ẹ má ṣe gbé e súnmọ́ iná. Ó ń gbiná kíá. Díẹ̀ ló kù kí n fi irin gbígbóná yọ ọ́, kí ẹnì kan tó dá mi lẹ́kun.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a ó fi ṣe èèkù tuntun gba àròjinlẹ̀. Eyín erin kò sí nínú àsọyé: Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn àgbáyé tí à ń pè ní CITES ní 1974, ní 1989 sì ni ìpàdé àdéhùn náà pinnu láti fòfin de òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè. Osùn dára, inú igi rẹ̀ pupa, ó sì le. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Pterocarpus erinaceus. Wọ́n gé e ní àgéèwẹ̀yìn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti kó o lọ ṣe àga ní Ṣáínà, títí CITES fi ní láti fi òwò rẹ̀ sábẹ́ àkóso ní 2016. Ẹ jẹ́ kí èyí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Èèkù ọ̀bẹ kékeré kò nílò ju èékù igi lọ, ohun tí agbẹ́gilére ti gbá sí ẹ̀gbẹ́ kan ti tó o.

Èékù osùn bẹ́ẹ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ agbẹ́gilére kan. Ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére ń tọ̀ náà ni mo sì tọ̀. Àlùfáà Ìjọ Àgùdà nì, Kevin Carroll, kọ wọ́n sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ère gbígbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá tó jáde ní 1967. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: kí a fa ìlà ìrísí rẹ̀, kí a sì fi ayùn gé e tóbi ju bó ti yẹ lọ díẹ̀. Èkejì ni àlètúnlé: kí a mú awẹ́ bá ara irin mu títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní lè gba àárín wọn kọjá, kí a sì fi ìlu dá ihò ìṣó sí i. Ìkẹta ni dídán. Ìkẹrin ni fínfín, ìyẹn ọnà kéékèèké tó ń parí iṣẹ́. Ohun tó wà fún ère tó ga bí ènìyàn ló wà fún awẹ́ igi tó kéré bí ìka.

Ní ti dídán, mo lo sáńpépà títí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn mọ́, ni mo bá padà sídìí ewé eépín, ewé tó le gbara-gbara tí àwọn àgbà fi ń dán igi kí sáńpépà tó dé. Kò já mi kulẹ̀. Ìṣó ńkọ́? Ní Lágéré, oníwẹ́dà kan fún mi ní àjákù ọ̀pá idẹ tó fi ń jó irin pọ̀. Mo fi fáìlì fá a títí ó fi bá ihò mu. Mo fi àtè Araldite lẹ awẹ́ mọ́ pẹlẹbẹ idẹ, mo fi ìṣó kàn án, mo sì fi òòlù kékeré rọra tẹ orí ìṣó náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òkìtì ìlù jẹ́jẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlù kan ṣoṣo tó bá le jù yóò la igi sí méjì. Lẹ́yìn náà mo fi òrí pa á lára. Òrí kì í gbẹ bí ọ̀dà, nítorí náà a ní láti máa tún un pa látìgbàdégbà. Èmi kò ka ìyẹn sí àléébù. Ohun tí a ń tọ́jú ni à ń rántí.

Inú òjò ni mo ṣe gbogbo èyí. Èyí ni mo gbé han àbúrò mi, òun náà ló sì mú un béèrè pé ọ̀bẹ Bàbá dà.

Ọyẹ́ dé. Ní ọjọ́ kan mo di ọ̀bẹ náà mú, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Igi osùn náà kò gbẹ tó nígbà tí mo lò ó. Ọyẹ́ ti fa omi inú rẹ̀ jáde, ó ti sún kì, etí pẹlẹbẹ idẹ sì yọ síta bí abẹ. Nígbà tí àbúrò mi rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ ka ìwé, ṣùgbọ́n igi kò mọ̀ pé ẹ kàwé.’

6. Ọ̀bẹ Bàbá dà?

Àgbẹ̀ ni àbúrò mi. Òun ló jókòó ti oko Bàbá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó gbé ẹ̀rúkọ́ kan wá fún mi láti orí àjà ilé ìdáná ní abúlé. Ẹ̀rúkọ́ Bàbá ni. Kò sí ẹni tó lè sọ irú igi tó jẹ́ mọ́. Èéfín ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ ọ́ di dúdú, ó sì gbẹ débi pé ó ń dún bí agogo nígbà tí a lù ú. Ó ní kí n gé awẹ́ èèkù lára rẹ̀. Mo ní n kò ní í dá a gé. A jọ jókòó ni. Awẹ́ ọ̀tún ni mo gbẹ́, awẹ́ òsì ni òun gbẹ́, ọ̀bẹ tirẹ̀ la sì jọ lò. Àwọn tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé tirẹ̀ gún ju tèmi lọ.

Nígbà tí a ń ṣe é lọ́wọ́ ni mo tó rí èsì ìbéèrè rẹ̀. Mo bi í pé, ‘Ẹ̀rúkọ́ mélòó ni Bàbá fi sí ọkọ́ yìí kí wọ́n tó kú?’ Ó ní kò níye. Mo ní, ‘Ọjọ́ wo ni a wí pé kì í ṣe ọkọ́ Bàbá mọ́?’ Ó dákẹ́. Mo tún mú eégún ilé wa fún un ní àpẹẹrẹ. Lọ́dọọdún ni a ń fi aṣọ tuntun kún aṣọ eégún. Àwọn èyí tó gbó ń já dànù. Ó ṣeé ṣe kó má sí ìṣẹ́po kan lára rẹ̀ lónìí tí baba ńlá wa fojú rí. Síbẹ̀, nígbà tó bá jáde, a kì í sọ pé aṣọ tuntun ló ń bọ̀. A ń sọ pé Bàbá ló ń bọ̀. Ohun tó mú kí ó jẹ́ ọ̀kan náà ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ kò kúrò lára rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ tí kò sí ẹni tó fi aṣọ kún un mọ́, ọjọ́ náà ni yóò di ohun àtijọ́ nínú àpótí gíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀bẹ tí Bàbá di mú pàápàá, ẹlòmíràn ló ṣe èèkù rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èèkù ti jẹ́ gbèsè. Ẹni tó jogún ọ̀bẹ jogún gbèsè náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì lè gbà san án ni pé kí ó gbẹ́ èèkù mìíràn nígbà tí èyí tó wà bá gbó. Ìtọ́jú ogún yàtọ̀ sí títì í mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé nígbà tí mo yọ èèkù àkọ́kọ́, n kò bi àbúrò mi léèrè, n kò yàwòrán rẹ̀, n kò wọn gígùn rẹ̀, mo sì gbá a sórí ààtàn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n kọ ohun àtijọ́ sílẹ̀ kí ó tó parẹ́! Awẹ́ kan ti bá ilẹ̀ lọ. Èkejì, àbúrò mi ti wá a rí láti ọjọ́ náà, kò sì sọ fún mi títí di ọjọ́ tí a jókòó gbẹ́ igi. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òní, nínú agolo kan tí kò sí irin mìíràn nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti gbà á nímọ̀ràn. Ó ní òun ṣì máa ń ṣí agolo náà nígbà mìíràn láti gbóòórùn rẹ̀. N kò lè bá a wí.

7. Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Yunifásítì yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, a sì kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Láti 1978 ni Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti wá ń ṣiṣẹ́ láàárín wa, ère Odùduwà tó gbẹ́ sì wà ní gbọ̀ngán Odùduwà títí di òní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti papò dà ní 2009. Àwọn tó mú un wá mọ̀ pé ìwé mímú kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìmọ̀ wa dà bí ojú ọ̀bẹ láti Sheffield: ó mú, ó ń dán, orúkọ ìlú àjèjì wà ní ìdí rẹ̀. Èèkù tí a ó fi dì í mú, ọwọ́ àwọn ènìyàn tó wà ní Lágéré, ní àgbẹ̀dẹ, àti ní orí àjà ilé ìdáná ló wà. Bí a kò bá tọ̀ wọ́n lọ, ojú ọ̀bẹ ni a ó máa dì mú, àtẹ́lẹwọ́ wa ni yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Mo bẹ Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ wa pé kí a má ṣe máa kó òwe jọ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ òwe èèkù sílẹ̀, kí ó di èèkù mú, kí ó bi ẹni tó gbẹ́ ẹ ní orúkọ igi, orúkọ ohun èlò àti bí a ti ń ṣe é, kí ó yàwòrán rẹ̀. Kí ó sì ṣe èyí kí ó tó yọ ohunkóhun kúrò níbi tó wà.

N ó fi ọ̀bẹ náà ránṣẹ́ káàkiri ìjókòó báyìí. Mo ti ká ojú rẹ̀ wọlé, kò ní í ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ fọwọ́ pa awẹ́ ọ̀tún, kí ẹ sì fọwọ́ pa ti òsì. Bí ẹ bá rí i pé òsì dára jù, ẹ má ṣe pa á mọ́ fún mi. Àbúrò mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà nì. Ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ògún á gbè wá o.